Ríìmù Tí Bọ̀dá Mi Rà

Nígbà tí Bọ̀dá mi gba owó àjẹmọ́nú àkọ́kọ́ wọn níbi iṣẹ́ ní Èkó, ríìmù mẹ́rin ni wọ́n fi owó náà rà fún Bàbá. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n kó o dé ilé wa ní Ẹlẹ́yẹlé. Táyà ti wà lórí rẹ̀, wọ́n sì fi aṣọ ìbora bò ó. Nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ, èmi àti àbúrò mi pariwo. Dúdú ni ríìmù náà, etí rẹ̀ ń dán bíi dígí. Ríìmù onírin tí ó wà lẹ́sẹ̀ Corolla Bàbá láti ọjọ́ tí a ti mọ̀ ọ́n wá dà bí ìkòkò tí wọ́n ti fi dáná igi fún ogún ọdún.

Bàbá wo ríìmù, wọ́n wo Bọ̀dá, wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Àwọn ọmọ tìrẹ náà á ṣe fún ọ." Mo rántí àdúrà yẹn dáadáa, nítorí òun ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé wa lè sọ òótọ́ fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Corolla yẹn kì í ṣe ọkọ̀ fàájì. Ọdún 2005 ni wọ́n ṣe é, tòkunbọ̀ ni Bàbá sì rà á. Olùkọ́ ìṣirò ni Bàbá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ ọkọ̀ náà ni láti gbé Màmá lọ sí Ẹrúwà ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí wọ́n lọ ra gaàrí àti èlùbọ́, kí wọ́n sì kó o padà wá fún títà. Inú búùtù rẹ̀ ni owó ilé-ìwé èmi àti àbúrò mi ti ń jáde.

Ní àárọ̀ Sátidé, a gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Bàbá Fọkanáísà, ní ìsọ̀ wọn lẹ́bàá títì. Bàbá yìí ti ń lẹ táyà kí wọ́n tó bí Bọ̀dá mi. Wọ́n dojú ríìmù kan délẹ̀, wọ́n ka ihò nọ́ọ̀tì rẹ̀, wọ́n bá mẹ́wàá. Márùn-ún péré ni ọkọ̀ wa ń lò. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Èyí ń wo ojú ọkọ méjì."

Wọ́n so ó mọ́ ọkọ̀, wọ́n yọ jáàkì. Bọ̀dá yí ọwọ́ ọkọ̀ sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì, wọ́n wà á dé Jẹ́ríkò, wọ́n sì padà. "Kò kan nǹkan kan!" ni wọ́n wí. Ìgbà tí wọ́n ń fi ẹ̀yìn rìn wọ ìsọ̀, tí ọwọ́ ọkọ̀ yí dé òpin, ni mo gbọ́ ohun kan bí ìgbà tí ìgbálẹ̀ bá kan sìmẹ́ńtì: ṣàà. Bọ̀dá ní ohun tuntun máa ń pariwo kí ó tó mọ́ra. Bàbá Fọkanáísà kò sọ nǹkan kan. Ní ọjọ́ Àìkú, Bọ̀dá padà sí Èkó pẹ̀lú ìdùnnú.

Ọjọ́ Ẹrúwà dé. A wà ní ìsinmi, nítorí náà mo bá wọn lọ. Màmá pe ìyá kan tí wọ́n jọ ń tajà mọ́ra. A gba Ológuneru, a gba Ìdó. Ní àlọ, kò sí ariwo, àmọ́ bí Bàbá bá ti fi eré kún eré, ọwọ́ ọkọ̀ a máa gbọ̀n lọ́wọ́ wọn. Ní àbọ̀ ni wàhálà dé. Àwa mẹ́rin la wà nínú ọkọ̀, àpò mẹ́ta wà ní búùtù, ọ̀kan sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí èrò. Bí a bá ti bọ́ sínú kòtò, ẹ̀yìn ọkọ̀ a dún gbràà. Màmá béèrè ohun tó ń dún. Bàbá ní ọ̀nà ni kò dára. Nígbà tí a fẹ́ẹ̀ dé Ológuneru, òórùn rọ́bà tó ń jóná kún inú ọkọ̀, Bàbá sì dúró.

Táyà ẹ̀yìn méjèèjì ti họ léjìká lápá òde. Ti apá òsì burú ju: ó ti gé yíká bí ẹni fi ayùn rẹ́ ẹ, okùn funfun inú rẹ̀ sì ti yọ jáde. Nínú ihò táyà, ibi tí etí páànù ara ọkọ̀ ti ṣẹ́ wọ inú, ọ̀dà ti bó, irin ibẹ̀ ń dán. Bàbá fi ìka sínú ojú ọgbẹ́ táyà náà, wọ́n sì pẹ́ lórí ìbẹ̀rẹ̀.

Màmá ní, "Bàbá wọn, ẹ̀yin lẹ̀ ń wa ọkọ̀ yìí. Ẹ ti gbọ́ ọ tipẹ́."

"Mo gbọ́ ọ láti ọjọ́ Sátidé yẹn."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Ọmọ ló rà á."

A fi táyà ìpààrọ̀ rọ́pò èyí tó gé, a sì rọra rìn délé. Ní ọjọ́ kejì, ríìmù onírin padà sẹ́sẹ̀ ọkọ̀, ti Bọ̀dá sì wà lábẹ́ aṣọ ìbora ní ẹ̀yìnkùlé. Bọ̀dá pe Bàbá lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n béèrè pé ríìmù ńkọ́. Bàbá ní, "Ó ń dán." Irọ́ kọ́ nìyẹn, ó ń dán lóòótọ́.

Èmi ni ọ̀rọ̀ yẹn ń jẹ lọ́kàn jù. Bọ̀dá máa wá sílé ní òpin oṣù, wọ́n á sì rí i. Mo rò ó pé bí a bá fi ìṣirò sọ ọ́, kò ní dà bí ìwọ̀sí. Mo mú ìwé àjákọ mi, mo yá téèpù Bàbá, mo sì kúnlẹ̀ ti ríìmù méjèèjì, ti àtijọ́ àti ti tuntun.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ara táyà. Ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́ ni 195/65R15. Bàbá túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Táyà náà fẹ̀ tó mìlímítà 195. Gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn. Ríìmù íǹṣì 15 ni ó sì ń gbé e. Íǹṣì kan jẹ́ mìlímítà 25.4. Nítorí náà ríìmù jẹ́ 381, ẹ̀gbẹ́ òkè àti ti ìsàlẹ̀ jọ jẹ́ 253.5, àpapọ̀ gíga táyà sì jẹ́ mìlímítà 634.5. Ti Bọ̀dá jẹ́ 225/50R17. Mo ṣe é bákan náà, mo rí 656.8. Ó fi mìlímítà méjìlélógún àti díẹ̀ ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìdajì ìyẹn, nǹkan bíi 11, ni ó fi súnmọ́ òrùlé ihò táyà. Bàbá fi kún un pé aago tí ń sọ eré ọkọ̀ náà á máa purọ́: bí ó bá sọ pé 100 ni à ń sá, a ti ń sá 103 àti ààbọ̀. N kò tíì ronú kan ìyẹn rí láyé mi.

Ti fífẹ̀ ló wá ṣòro. Táyà tuntun fi mìlímítà 30 fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, nítorí náà ó yẹ kí 15 lọ sínú, kí 15 lọ síta. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọ̀n ọ́n, ti ìta pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá ní kí n dojú ríìmù dé, kí n wo ohun tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo rí ET35. Gbogbo ríìmù ló ní àárín fífẹ̀ rẹ̀, ó sì ní ojú tí ó fi lẹ̀ mọ́ họ́ọ̀bù ọkọ̀. ET ni wọ́n fi ń sọ bí ojú yẹn ṣe jìnnà sí àárín sí ìhà òde tó. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré tó ni ríìmù ń yọ síta tó, tí táyà á fi bá etí páànù pàdé. Bí ó bá sì tóbi jù, ríìmù á wọ inú, á lọ kan ṣọ́kù. Ti àtijọ́ ju 35 lọ, ìdí nìyẹn tí ti tuntun fi yọ ètè síta. Ẹwà tí a rí ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì gan-an ni àléébù.

Nọ́ńbà mìíràn tún wà níbẹ̀, 73.1, ìyẹn fífẹ̀ ihò àárín ríìmù. Imú họ́ọ̀bù Corolla wa kò ju 54.1 lọ. Ríìmù kò jókòó lórí ohunkóhun ju nọ́ọ̀tì márùn-ún lọ, láìsí òrùka tí ó yẹ kí wọ́n fi dí àlàfo yẹn. Ìyẹn ló ń gbọn ọwọ́ Bàbá.

Ti ihò mẹ́wàá ni mo fẹ́ràn jù. Ihò márùn-ún kì í kọjú síra wọn, nítorí náà a kò lè fi téèpù wọn òbìrìkìtì tí wọ́n tò lé tààrà. Bàbá ní kí n wọn láti àárín ihò kan dé àárín èyí tó tẹ̀ lé e, kí n wá fi 0.588 pín in. Mo rí nǹkan bíi 59 lára ọ̀wọ́ kìíní, ìyẹn jẹ́ 100, òbìrìkìtì Corolla wa. Lára ọ̀wọ́ kejì mo rí 67, ìyẹn jẹ́ 114.3, ti Camry. Ọkọ kejì tí Bàbá Fọkanáísà wí nìyẹn. Ibo ni 0.588 ti wá? Sáìnì 36 ni, èyí tí mo ti ń há sórí láti SS1 láì mọ ohun tí à ń fi ṣe.

Kí Bọ̀dá tó dé, ìmọ̀ràn kún ilẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọọṣẹ́ ìsọ̀ ní kí a fi òòlù na etí páànù náà mọ́lẹ̀. Bàbá ní ọ̀dà á sán, òjò á wọ̀ ọ́, ìpẹtà á sì jẹ ẹ́. Mẹkáníìkì kan ní kí a ki rọ́bà bọ sípíríìngì kí ẹ̀yìn ọkọ̀ lè ga. Ẹlòmíràn ní kí a gé ike inú ihò táyà iwájú dànù, bí ẹni pé ẹ̀rọ̀fọ̀ kò mọ ọ̀nà ẹ́ńjìnì. Màmá gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n ní, "Ẹ̀mí èèyàn ni mò ń kó sínú ọkọ̀ yẹn. Ẹ wá bàtà tó bá a mu."

Bọ̀dá dé ní òpin oṣù. Kí wọ́n tó gbé báàgì sílẹ̀ ni wọ́n ti rí ríìmù onírin lẹ́sẹ̀ ọkọ̀. Ojú wọn yí padà. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan." Wọ́n ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n lọ sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ṣí aṣọ ìbora, wọ́n sì fi ìka sínú ọgbẹ́ táyà náà gẹ́gẹ́ bí Bàbá ti ṣe. Nígbà tí wọ́n padà wọlé, ohun tí wọ́n bi Bàbá kò kan owó rárá. Wọ́n ní, "Dádì, ẹ gbé Màmá sínú rẹ̀, ẹ sì mọ̀?"

Bàbá dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Mo ṣe àṣìṣe."

N kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn rí, àti nínú ilé, àti ní kíláàsì.

Ẹnìkan tí ó ní Camry ra ríìmù náà, owó tó san sì kéré sí iye tí Bọ̀dá rà á. Lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ tirẹ̀, ó jókòó bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Èmi, Bàbá àti Bọ̀dá wá lọ sí ọjà Àràrọ̀mí ní Géètì, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Mo kọ ohun tí a ń wá sórí bébà kan: ihò márùn-ún lórí 100, àárín 54.1, ET tó wà ní nǹkan bíi 40 sí 45. Oníṣòwò àkọ́kọ́ ní gbogbo ríìmù ló máa wọ̀ ọ́. A kí i pé ó dàárọ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ka bébà náà, ó wọ inú ìsọ̀ lọ, ó sì gbé ríìmù Toyota Avensis íǹṣì 16 jáde. Ihò rẹ̀ bá ti wa mu, àárín rẹ̀ bá ti wa mu, ET45 ni wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní etí kan tí wọ́n ti fi ha òkúta, kò sì dúdú. Táyà rẹ̀, 205/55R16, jẹ́ mìlímítà 631.9 ní gíga. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti àtijọ́ kò tó mẹ́ta. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn DOT ni Bàbá yẹ̀ wò kí a tó sanwó táyà: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì kejì ni ọdún tí wọ́n ṣe é.

Ní ìsọ̀ Bàbá Fọkanáísà, Bọ̀dá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ó ti parí. Wọ́n ra yanrìn, wọ́n di í sínú àpò mẹ́ta, wọ́n kó o sí búùtù. Bàbá fi ẹfun ìkọ̀wé kun etí páànù ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yíká, àti ike inú ti iwájú. Àwa mẹ́ta, èmi, àbúrò mi àti ọmọọṣẹ́ kan tó sanra, wọ ẹ̀yìn, Màmá jókòó níwájú. Bọ̀dá wa ọkọ̀ gba ibi tí kòtò wà jù, wọ́n yí ọwọ́ ọkọ̀ dé òpin lápá méjèèjì, wọ́n gun orí bọ́ǹpù láti ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n sì padà. Gbogbo wa bọ́ sílẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ihò táyà, Màmá pẹ̀lú.

Ẹfun náà pé. Kò sí ibì kan tí ó ti họ.

Màmá ní kí wọ́n má da yanrìn náà nù, àwọn á fi tún ẹnu ọ̀nà ìdáná ṣe. Ti ẹfun, kò sẹ́ni tó rántí nù ún kúrò. Ó wà lára ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ títí òjò àkọ́kọ́ fi rọ̀.