Bangladesh: Ìjì Ṣeé Sá Fún, Omi Iyọ̀ Ńkọ́?

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1970, ìjì òkun pa ènìyàn tó tó 300,000, ó kéré tán, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Bangladesh lónìí. Ìjọba Pakistan tó ń ṣàkóso ibẹ̀ nígbà náà fi ìrànwọ́ falẹ̀. Ìbínú náà bá àwọn ènìyàn dé ibi ìdìbò ní oṣù kejìlá. Ní 1971, wọ́n kéde òmìnira.

Ìjọba tuntun kọ́gbọ́n. Wọ́n kọ́ ilé ààbò sí etíkun, wọ́n sì kó àwọn tó fínnúfíndọ̀ jọ láti máa kéde ìjì kí ó tó dé. Nígbà tí ìjì Sidr jà ní 2007, àwọn tó kú kò ju ẹgbẹ̀rún mélòó kan lọ.

Ṣùgbọ́n ilé ààbò kò lè dá omi iyọ̀ dúró. Bí ayé ṣe ń gbóná ni òkun ń ga, tí iyọ̀ ń wọ oko ìrẹsì àti omi mímu, tí àgbẹ̀ sì ń ṣí lọ sí Dhaka.

Yorùbá ní ẹni tó bá jẹ gbì ni í kú gbì. Bangladesh kò jẹ gbì: èéfín tirẹ̀ kò pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ti gbogbo ayé. Ìjọba tó gbọ́n lè gba ẹ̀mí là. Ta ni yóò san owó ilẹ̀ tí òkun gbà?