Oòrùn Nìkan Kọ́ Ló Ń Pa Ẹ̀wà

Ní Ouagadougou, olú ìlú Burkina Faso, kò ṣòro rárá láti rí ẹni tó ń ta benga. Orúkọ tí àwọn Mossi ń pe ẹ̀wà nìyẹn. Wọ́n lè sè é pọ̀ mọ́ ìrẹsì, kí wọ́n da òróró àti àlùbọ́sà lé e. Gonré náà wà, ìyẹn ìyẹ̀fun ẹ̀wà tí wọ́n pò mọ́ ewé ẹ̀wà, tí wọ́n sì sè. Kò ní ṣàjèjì sí ẹni tó mọ mọ́ínmọ́ín.

Láti oṣù June sí September lòjò máa ń rọ̀ dáadáa níbẹ̀. Tó bá dáwọ́ dúró láàárín, ewé ẹ̀wà á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, àgbẹ̀ á sì sọ pé oòrùn ló ń pa á. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ tí wọ́n bá fà á tu, tí wọ́n sì la ìdí rẹ̀, nígbà míì inú rẹ̀ á ti dà bí eérú, pẹ̀lú nǹkan dúdú wínníwínní bí èédú tí wọ́n lọ̀. Àrùn nìyẹn. Ohun tó ń fà á bá èyí tó ń mú kí búrẹ́dì bu tan, Macrophomina phaseolina sì làwọn onímọ̀ ń pè é. Ooru àti ọ̀dá òjò ló ń fún un lágbára, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn láti di ẹ̀bi ru oòrùn. Tí òjò bá padà dé, ẹ̀wà tí òùngbẹ lásán ń gbẹ lè jí. Èyí tí àrùn yìí ti ba ìdí rẹ̀ jẹ́ kò ní jí mọ́. Nǹkan dúdú yẹn á sì wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní Kamboinsé, ní àríwá ìlú náà, ni ibùdó ìwádìí INERA wà, níbi tí wọ́n ti ń wá oríṣi ẹ̀wà tó sàn jù. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àrùn ṣe pọ̀ tó kì í dúró sójú títì wo oko, torí etí oko máa ń tanni jẹ. Ńṣe ló máa wọnú oko, á rìn ín lọ́tùn-ún lósì, á wọn ilẹ̀ díẹ̀ níbi mélòó kan, á sì ka èyí tó ń gbẹ níbẹ̀ àti èyí tí èèpo rẹ̀ ní àbààwọ́n pupa rúsúrúsú. (Àrùn míì ni àbààwọ́n yẹn.) Àpò bébà ló máa kó ohun tó mú sí. Tó bá lo ọ̀rá, gbogbo ẹ̀ á ti bu kó tó délé. Ní ti irúgbìn, wọ́n máa ń to 400 hóró sórí bébà tútù fún ọjọ́ méje, kí wọ́n tó fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó.

Ó tún máa béèrè pé: “Baba, kí lẹ gbìn síbí lọ́dún tó kọjá? Níbo lẹ ti rí irúgbìn yìí?” Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì gan-an, torí hóró ẹ̀wà tó ń dán lè gbé àrùn láti oko kan dé òmíràn.

Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ ni pé kí wọ́n kó igi ẹ̀wà tó lárùn kúrò lóko, kí wọ́n sun ún. Ọ̀rọ̀ ò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá sá igi àti ewé ẹ̀wà gbẹ, oúnjẹ àgùntàn ni, owó sì ni lọ́jà, pàápàá tí Iléyá bá ń sún mọ́lé. Àwọn kan tó ṣèwádìí ní Sahel rí i pé tí wọ́n bá fi acha rọ́pò ẹ̀wà fún bí ọdún mẹ́ta, àrùn inú ilẹ̀ máa ń dín kù gan-an. Àmọ́ ẹni tí oko rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ á fẹ́ mọ ibi tí benga àwọn ọmọ rẹ̀ máa ti wá láàárín ọdún mẹ́ta yẹn.