Koríko Àfonífojì Kittitas

Bí wọ́n bá tú bélì, ìyẹn ìdì ńlá, koríko timothy tó dáa, àwọ̀ rẹ̀ lojú kọ́kọ́ ń rí. Koríko ti gbẹ, ó ń ró ṣàràṣàrà lọ́wọ́, síbẹ̀ ó tutù lójú bí ẹni pé àná ni wọ́n gé e. Pòròpórò rẹ̀ gùn, kò le jù, ewé ṣì so mọ́ ọn lára. Orí rẹ̀ ki, ó gùn gbọọrọ, ó rí bí ṣírì ọkà jéró tí kò tóbi. Ẹ gbé e sí imú: òórùn dídùn fẹ́ẹ́rẹ́ ló ń ta, kò bu, kò sì ní eruku tó ń múni sín. Irú èyí ni àwọn tó ń sin ẹṣin eré-ìje àti màlúù oníwàrà ní Japan ń fowó ńlá rà láti ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà.

Àfonífojì Kittitas, níbi tí ìlú Ellensburg wà, lókìkí fún un. Òkè Cascade dí òjò lọ́nà níbẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí òjò ọdún kan kì í sábà pé ínǹṣì 10. Yìnyín tó yọ́ lórí òkè ló ń di omi odò Yakima, wọ́n sì gbẹ́ ipa omi láti ibẹ̀ wọ oko. Ti afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tilẹ̀ tún yàtọ̀. Ó máa ń fẹ́ débi pé àwọn igi kan ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan láìnàró mọ́. Òun ló ń mú koríko gbẹ kíákíá kí oòrùn tó ṣá a. Òun náà ló sì ń gbé e fò lọ kọ́ sára wáyà ọgbà nígbà tó bá ń bínú.

Òpin oṣù kẹfà tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje ni wọ́n ń gé ti àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ á gé e, á tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n á tún yí i kí abẹ́ rẹ̀ lè gbẹ. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ojú àgbẹ̀ kì í kúrò lójú ọ̀run. Òjò kan péré ti tó: àwọ̀ á ṣá, koríko tí ì bá wọkọ̀ òkun á di ti màlúù àdúgbò, owó rẹ̀ á já wálẹ̀. Bí wọ́n bá sì kánjú dì í kó tó gbẹ, á bu. Èyí tí omi pọ̀ nínú rẹ̀ á máa gbóná nínú òkìtì títí iná á fi sọ, láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ki ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ inú bélì láti mọ omi tó kù níbẹ̀. Bó bá ju nǹkan bí 12 nínú 100 lọ, oníbàárà òkè òkun ò ní fẹ́ gbọ́.

Abẹ́ àká gíga tí kò lógiri ni wọ́n ti ń dúnàádúrà. Ẹni tó fẹ́ rà á á fa díẹ̀ yọ láàárín bélì, á fọwọ́ yí i, á gbóòórùn rẹ̀, á wo ìdí pòròpórò bóyá ewé ti pọ́n níbẹ̀. Ewé pípọ́n díẹ̀ kò pa màlúù lára, gbogbo wọn ló mọ̀. Wọ́n ń gbé e lọ sílé àyẹ̀wò náà o, àmọ́ ojú ló ń dá owó lé e.

Ti èpò le ju ti àwọ̀ lọ. Japan kò gba èpò ìran Agropyron wọlé láàárín timothy, nítorí ó lè gbé kòkòrò Hessian fly tó ń ba àlìkámà jẹ́. Torí kòkòrò yìí náà ni wọ́n ṣe ń fi gáàsì fósífíìnì pa ohun tó bá wà nínú timothy kó tó kúrò ní Amẹ́ríkà. Àwọn oníṣòwò ẹ̀wà nílé mọ gáàsì yìí: òun ló ń jáde lára oògùn oníhóró tí wọ́n ń lò fún kòkòrò. Ṣáájú èyí, ẹ̀rọ á ti fún bélì pọ̀ títí tí á fi kéré tó nǹkan bí ìdajì. Koríko fúyẹ́, láìfún un, àyè òfìfo ni wọ́n á máa sanwó ọkọ̀ fún. Bí wọ́n ṣe ń fún un yìí, kọ̀ntéńà ẹlẹ́sẹ̀-bàtà 40 kan ń gbà ju tọ́ọ̀nù 20 lọ.

Ọkọ̀ á gbé e gba ọ̀nà orí òkè Snoqualmie lọ sí èbúté Seattle àti Tacoma. Kọ̀ntéńà tó kó ọjà wá láti Éṣíà ni wọ́n ń dì í sí, èyí tí ì bá padà lófìfo, ìyẹn ló jẹ́ kí owó ọkọ̀ rẹ̀ dín kù. Àmọ́ ní 2021, ọjà tó ń bọ̀ láti Éṣíà ń pa owó fáwọn ọlọ́kọ̀ òkun tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń sáré dá kọ̀ntéńà padà lófìfo. Bélì tí wọ́n ti fún tán wá ń kún àká, ẹni tó sanwó wọn ní Japan sì ń retí.