Ìgbẹ́ Adìyẹ àti Oògùn Tí Kò Ṣiṣẹ́ Mọ́

Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé ni mo gbé wá lónìí.

Ní Ìyìn níbí, ajílẹ̀ òyìnbó ti wọ́n gógó. Mo bá ra ìgbẹ́ adìyẹ àpò márùn-ún, mo dà á sídìí tẹ̀tẹ̀ àti ewédú mi láì jẹ́ kó jẹrà. Ọjọ́ tí mo padà lọ rà sí i ni mo bá ọmọ iṣẹ́ tó ń po oògùn sínú omi adìyẹ. Mo bi í pé kí ló ń ṣe wọ́n. Ó ní, "Kò sí nǹkan kan mà, kí àìsàn má baà wọlé ni." Àyà mi já.

Ẹ gbọ́ ìdí. Oògùn bíi tẹtirasáíkílìn tí adìyẹ mu, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ń bá ìgbẹ́ jáde. Kòkòrò àìfojúrí tí oògùn náà kò rí pa ń bá a jáde pẹ̀lú. Kòkòrò yìí ní jíìnì tó fi ń borí oògùn, ó sì lè fún kòkòrò mìíràn nínú ilẹ̀. Bó bá gba ara ẹ̀fọ́ tàbí omi kànga wọlé, lọ́jọ́ tí àìsàn bá dé, oògùn tó yẹ kó wo ọmọ wa sàn lè má ṣiṣẹ́. Àwọn onímọ̀ ṣírò pé lọ́dún 2019, irú àìsàn tí kò gbóògùn bẹ́ẹ̀ pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.27 ènìyàn lágbàáyé. Ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà wa ló ti le jù.

Ẹ má torí ìyẹn da ìgbẹ́ nù o. Ẹ kó o jọ ní òkìtì pẹ̀lú koríko gbígbẹ tàbí ẹ̀rún pákó, kó jìnnà sí kànga. Ẹ wọ́n omi sí i kó rin díẹ̀. Inú rẹ̀ yóò gbóná. Ó yẹ kó tó 55°C. Ẹ ki ọ̀pá irin bọ̀ ọ́ fúngbà díẹ̀: bí ẹ bá fà á yọ, kò yẹ kó ṣeé dì mú pẹ́. Láàárín ọjọ́ 15, ẹ yí i ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kí tòde lè wọ inú. Lẹ́yìn náà, ẹ fi í sílẹ̀ fún oṣù méjì sí mẹ́ta, títí yóò fi dúdú tí yóò máa rùn bí ilẹ̀.

Ooru yìí ń dín ọ̀pọ̀ jíìnì náà kù, ṣùgbọ́n kì í pa gbogbo rẹ̀ tán. Ẹ ṣì fọ ẹ̀fọ́ yín dáadáa.

Mo bá ọ̀gá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Ó ní bí adìyẹ bá kú, gbèsè ni. Kò parọ́. Mo ní kó pe dókítà ẹran kó tó po oògùn, torí òun náà ń fi ẹ̀fọ́ Ìyìn jẹyán.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń sin adìyẹ. Ìlera lọrọ̀.