Òru Kan Nínú Igbó Massè

Lẹ́yìn tí àwọn àgbà yọ̀ǹda fún wa, a pàgọ́ sí etí ọ̀kan nínú àwọn igbó tó ṣẹ́kù ní agbègbè Massè, níbi tí oko àgbàdo àti oko gbágùdá ti yí igi ká. Ohùn ọ̀wàwà, tí àwọn mìíràn ń pè ní ọ̀fàfà, ni a wá gbọ́. Inú ihò igi ni ẹranko kékeré yìí ń sùn sí. Ìbátan erin sì ni, bó tilẹ̀ ṣòro láti gbà. Bí a bá gé igi oníhò, a ti wó ilé rẹ̀ nìyẹn.

Ní ọdún 2009, Simon Bearder, onímọ̀ ẹranko ará Ìlú Ọba, gbọ́ ọ lóru ní Nàìjíríà, ó sì ṣàkíyèsí pé ohùn rẹ̀ yàtọ̀ sí ti Gánà. Ọ̀wàwà tó wà láàárín odò Volta àti odò Ọya ń gbó bí ajá. Àwọn ti òdìkejì odò méjèèjì ń figbe ta ni. Ní 2021 ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé irú ọ̀tọ̀ ni tiwa, wọ́n sì sọ ọ́ ní Dendrohyrax interfluvialis. Àwọn ọdẹ wa kò dúró de ìwé kí wọ́n tó mọ ohùn náà.

Nígbà tí òru jìn, ọ̀kan gbó lókè ìrókò. A ń retí ìdáhùn. Ó tó wákàtí mẹ́ta kí òmíràn tó gbó, lọ́nà jíjìn, ní ìkọjá oko gbágùdá, ẹ̀ẹ̀kan péré.