Ọ̀rọ̀ Tí Ó Gbé Ọdẹ́wálé Ṣubú

Kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mo ti kọ́kọ́ ka ìtàn Œdipe, ọba Thèbes, tí Sophocle fi ṣe eré ní ilẹ̀ Gíríìsì ní ohun tí ó lé ní 2400 ọdún sẹ́yìn. Olùkọ́ wa ní àyànmọ́ ni ó pa á: a ti sọ tẹ́lẹ̀ pé yóò pa bàbá rẹ̀, yóò sì fẹ́ ìyá rẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo tún un kà, mo rí ohun mìíràn. Œdipe nìkan ni ó mọ ìtumọ̀ àlọ́ tí Sphinx pa. Láti ìgbà náà ni ọgbọ́n rẹ̀ ti ń pa á bí ọtí. Nígbà tí Tirésias, aríran tí ojú rẹ̀ fọ́, sọ òtítọ́ fún un, ó fi ojú fífọ́ náà ṣe ẹlẹ́yà. Nígbẹ̀yìn, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi fọ́ ojú ara rẹ̀.

Ní ọdún 1968, ní Ilé-Ifẹ̀, Ọlá Rótìmí sọ ìtàn yìí di ti Yorùbá nínú eré The Gods Are Not to Blame: kí a má di ẹ̀bi ru àwọn òrìṣà. Œdipe di Ọdẹ́wálé. Nínú oko iṣu, àgbàlagbà kan bú ẹ̀yà tí ó tọ́ ọ dàgbà. Inú bí i, ó sì pa á. Bàbá tí ó bí i ni ó pa. Òun fúnra rẹ̀ ni ó jẹ́wọ́ níkẹyìn pé ẹni tí ó bá ti bú ẹ̀yà òun ti mọ ibi tí a ti ń mú òun.

Ibẹ̀ ni eré náà ti bá mi wí. Ọmọ Kétu ni mí. Nígbà tí mo ń kàwé ní Kútọ̀nú, èmi àti ọmọ Àjàṣẹ́ kan jọ ń gbé yàrá kan. Ìyá rẹ̀ a máa fi gàrí àti àkàrà ránṣẹ́ sí àwa méjèèjì. Ní ọjọ́ kan, ó sín mi jẹ níwájú àwọn ẹgbẹ́ wa, ó ní ará oko ni wá. Mo fi ọ̀rọ̀ kan bú ìdílé rẹ̀ tí n kò lè kọ síhìn-ín, mo sì kó ẹrù mi jáde. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ó ránṣẹ́ sí mi. N kò lọ. Mo ní iyì Kétu ni mo ń gbèjà. Ta ni ó rán mi níṣẹ́ ní Kétu?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fẹ́ràn ìlú yín, ẹ sì máa lépa ipò gíga. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Lọ́dún tí ó kọjá, mo lọ sí Àjàṣẹ́, mo dọ̀bálẹ̀ níbi sàréè ìyá náà. Ọ̀rẹ́ mi gbé àga fún mi. A kò tíì rẹ́rìn-ín bí ti àtijọ́, ṣùgbọ́n mo jókòó.