Nígbà Tí Òsì Bá Di Ọ̀tún

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi mọ̀ mí sí ẹni tí ń bá àmì ohùn àti ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ jìjàkadì, nítorí náà ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé ẹ̀rọ ìtulẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ìwé ẹgbẹ́ wa yìí. Ẹ fara balẹ̀ ná. N kò tíì fi ẹ̀kọ́ èdè sílẹ̀ lọ sí ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀. Ọ̀rọ̀ èdè gan-an ni mo ń bọ̀ wá sọ. Ẹ̀rọ yìí ni ó kàn jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan tí a kò sọ tán lè jẹ ẹsẹ̀ ènìyàn.

Bàbá mi àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá tí ó bí mi, ń gbin ìrẹsì ní àkùrọ̀ kan nítòsí Ìgbẹ́mọ ní ilẹ̀ Èkìtì. Ẹni tí ó bá ti jẹ ìrẹsì Ìgbẹ́mọ rí yóò mọ ìdí tí wọn kò fi fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ẹ̀rọ méjì ni wọ́n ní. Èkíní kéré, epo bẹntiróòlù ni ó ń mu, ọgbà ẹ̀fọ́ ni a sì ń fi í tú. Eyín irin rẹ̀ ni ó tún jẹ́ ẹsẹ̀ fún un, nítorí pé bí eyín náà ti ń yí tí ó ń já ilẹ̀ jẹ, bẹ́ẹ̀ ni ó ń wọ́ ara rẹ̀ lọ síwájú. Èkejì tóbi, ó ní ẹsẹ̀ méjì tirẹ̀, dísù ni ó ń mu, ẹni tí ó ń lò ó a sì máa rìn tẹ̀lé e lẹ́yìn, pẹ̀lú apá irin méjì lọ́wọ́ bí ẹni tí ó di ìwo màlúù mú. Katakátá kékeré ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é. Nígbà ìsinmi ni mo máa ń lọ ràn wọ́n lọ́wọ́, iṣẹ́ tí Bàbá sì kọ́kọ́ yàn fún mi dàbí eré: "Ìwọ tí ò ń kọ́ èdè, ka ìwé ẹ̀rọ yìí fún wa. Kí ni òyìnbó wí níbẹ̀?"

Òyìnbó wí púpọ̀. Kí n tó dé ibi ìkìlọ̀, mo kọ́kọ́ sọ ìtàn irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ọmọ Australia kan tí ń jẹ́ Arthur Clifford Howard ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í dán ẹ̀rọ tí ń fi eyín yíyí tulẹ̀ wò ní oko baba rẹ̀ ní Gilgandra ní 1912. Ní 1922 ó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, ní 1938 ó sì lọ dá òmíràn sílẹ̀ ní England. Rotavator ni wọ́n sọ ẹ̀rọ náà. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn àrà inú ọ̀rọ̀, ẹ ka orúkọ yẹn láti ẹ̀yìn wá sí iwájú: bákan náà ni. Mo fi í han Bàbá. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n wá ní ẹ̀rọ tí orúkọ rẹ̀ kò mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn, kí ẹni tí ń lò ó yáa máa ṣọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀.

Àwọn baba wa kò ṣe aláìní òfin fún irin. Ẹni tí ó bá na àdá sí ẹlòmíràn, èèkù ni ó ń kọ sí i. Ọmọdé kì í dúró níwájú ẹni tí ń kọ ebè. Ṣùgbọ́n ọkọ́ ní ìwà kan tí ẹ̀rọ kò ní: bí àgbẹ̀ bá ṣubú, ọkọ́ náà ṣubú. Ọkọ́ kò lè máa ro oko lọ nígbà tí olóko ti dùbúlẹ̀. Ẹ̀rọ lè ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì ní bojú wẹ̀yìn. Nítorí èyí ni àwọn tí ó ṣe é fi fi irin pẹlẹbẹ kan sí abẹ́ apá rẹ̀, èyí tí ènìyàn gbọ́dọ̀ máa fún mọ́ apá náà kí eyín tó lè yí. Bí ọwọ́ bá kúrò, eyín dúró. Ìjánu ni a ń pe irin náà ní oko wa, orúkọ náà sì bá a mu. Òun ni ó ń dá ìwà ọkọ́ padà fún ẹ̀rọ.

Ìjánu yìí ń dun ọwọ́. Ẹni tí ó bá fún un láti àárọ̀ títí oòrùn fi mú, ọwọ́ rẹ̀ kò ní lè di ṣíbí mú dáadáa lálẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń ṣe ni pé wọ́n á gé rọ́bà láti ara tùúbù táyà àtijọ́, wọ́n á fi so ìjánu mọ́ apá ẹ̀rọ, ó parí. Ẹ wá wo iṣẹ́ tí èdè ṣe níbẹ̀. Nígbà tí a ra ẹ̀rọ kékeré náà, èmi kò tíì máa lọ sí oko nígbà náà, ọmọ ọjà tí ó gbé e wá kò ka ìwé kankan fún wọn. Ohun tí ó sọ ni pé, "Ẹ ṣáà ti di ìjánu yìí dáadáa." Ó ṣeé ṣe kí ó ní "di mú" lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní kí a di nǹkan, kí ni a máa ń ṣe sí i? A ó wá okùn. Wọ́n wá okùn, wọ́n sì dì í dáadáa gẹ́gẹ́ bí ó ti wí. Láàárín "dì í" àti "dì í mú" kò ju ọ̀rọ̀ kékeré kan lọ, ọ̀rọ̀ kékeré náà sì ni gbogbo ààbò tí ó wà lára ẹ̀rọ náà.

Ẹ̀gbọ́n kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ni ọ̀ràn náà já lé lórí. Ó ń fa ẹ̀rọ sẹ́yìn kúrò nídìí ọ̀pẹ kan, ó fi jíà ìpadàsẹ́yìn sí i, gìgísẹ̀ rẹ̀ bọ́ sínú poro, ó fẹ̀yìn lélẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n rọ́bà kò jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ̀. Ẹ̀rọ ń bọ̀ lórí rẹ̀. Ẹnìkejì rẹ̀ sáré wá pa ẹ́ńjìnnì. Bàtà òjò tí ó wọ̀ ni kò jẹ́ kí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Ìka ẹsẹ̀ méjì lọ. Àwọn kan ní Ògún ni, wọ́n ní kí a wá ajá. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ẹni tí ó bá bọ Ògún tí ó sì tú rọ́bà náà dànù, èmi àti rẹ̀ kò ní ìjà.

Ẹ̀gbọ́n yìí ni Bàbá ní kí ó jókòó tì mí nígbà tí mo ń túmọ̀ ìwé náà, n kò sì rò pé mo ní olùkọ́ tí ó le jù ú lọ ní yunifásítì. Bí a ti ń ṣe é nìyí: màá ka gbólóhùn kan ní Yorùbá, òun á lọ sídìí ẹ̀rọ tí a kò tan, á ṣe ohun tí ó gbọ́. Bí ohun tí ó ṣe bá yàtọ̀ sí ohun tí ìwé wí, a pa gbólóhùn náà rẹ́. Kì í ṣe òun ni ó ṣì í gbọ́. Ọ̀rọ̀ ni kò dára.

Ìwé ní kí á yọ eyín kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí á tó ṣe ohunkóhun. Mo kọ "Tú u sílẹ̀." Ẹ̀gbọ́n wò mí. Ó ní bí òun bá wà lẹ́nu iṣẹ́, tí ẹnìkan sì kígbe "Tú u!" mọ́ òun láti ọ̀ọ́kán, òun á máa tu ilẹ̀ lọ ni, nítorí pé ohun tí òun wá ṣe nìyẹn. Òótọ́ ni: tú ni a fi ń tú okùn, òun náà ni a fi ń tú ilẹ̀. A gbìyànjú "Fi sílẹ̀", a gbìyànjú "Dáwọ́ dúró". Níkẹyìn òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ ọ́, bí ẹni tí kò ka ohun tí ó sọ sí: "Ẹ kọ ṣíwọ́." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde jó. Ṣíwọ́ ni ọ̀rọ̀ tí a ń sọ fún òṣìṣẹ́ nígbà tí iṣẹ́ bá tó, àbí? Ṣùgbọ́n ẹ tú u palẹ̀: ṣí ọwọ́. Ohun tí ọwọ́ yóò ṣe àti ohun tí ẹ̀rọ yóò ṣe, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti gbé méjèèjì, ó sì ti wà nínú èdè wa kí Howard tó ronú nípa oko baba rẹ̀. Ṣíwọ́ ni a ń kígbe ní oko wa títí di òní. Nígbà tí ariwo ẹ́ńjìnnì bá sì bo ohùn mọ́lẹ̀, ẹni tí ń kígbe a na ọwọ́ méjèèjì sókè, kí ojú lè gba ohun tí etí kò gbà.

Àwọn ìkìlọ̀ yòókù kò fún wa ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Kí á rìn yí ilẹ̀ náà ká kí á tó tan ẹ̀rọ, kí á ṣa òkúta, wáyà, àti gbòǹgbò kúrò, nítorí eyín tí ó bá gbá gbòǹgbò a máa fò síwájú, a sì máa já apá mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Kí á kọ́kọ́ tulẹ̀ díẹ̀, kí á tún padà wá tú u jìn, dípò kí á fipá rì í mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kí ẹnikẹ́ni má wọ ṣòkòtò ẹlẹ́mu tàbí aṣọ tí ń fẹ́ lẹ́lẹ́ sídìí rẹ̀. Bí koríko bá lọ́ mọ́ eyín, kí á pa ẹ́ńjìnnì, kí á yọ wáyà orí pílọ́ọ̀gì ti ẹ̀rọ bẹntiróòlù, nígbà náà ni kí á tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Kí á má bu epo sí i nígbà tí ó gbóná. Kí á má tan án nínú ilé tí a ti ìlẹ̀kùn rẹ̀, nítorí nínú èéfín rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ kan wà tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, tí ó sì ń pa ènìyàn.

Bí ẹ bá bi mí, n ó ní gbígbé e lọ sí oko ni ó le ju lílò rẹ̀ lọ. Ọ̀nà Èkìtì ni mo ń wí o, òkè lọ, òkè bọ̀. Ẹ̀rọ kékeré ni a ń gbé sínú píkọ́ọ̀pù. A ń jẹ́ kí ó tutù, a ń ti ẹnu ọ̀nà epo rẹ̀ pa, a sì ń gbé e ní ìnàró; a kì í dà á dùbúlẹ̀, kí òróró ẹ́ńjìnnì má baà ṣàn lọ sí ibi tí ó ti ń mí. Ara irin rẹ̀ tí ó nípọn ni a ń so okùn mọ́, níwájú àti lẹ́yìn, kì í ṣe apá rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í jókòó tì í lẹ́yìn ọkọ̀, ì báà jẹ́ pé òjò ń bọ̀. Awakọ̀ tí ó gbọ́n a sì máa wá ibi tí etí ilẹ̀ ga, a fi ìdí ọkọ̀ kò ó, kí pákó méjèèjì tí ẹ̀rọ yóò gbà gòkè lè sún mọ́ títẹ́jú. Pákó náà ni a ń so mọ́ ọkọ̀, kí ó má baà yọ̀. Ní ti ìsàlẹ̀ pákó, kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀.

Katakátá kékeré ni ó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé àkùrọ̀, òun ni ó sì ní ẹ̀tàn tí mo fi kọ àkọlé mi. Ó ní ìjánu kékeré méjì, ọ̀kan lábẹ́ apá òsì, ọ̀kan lábẹ́ apá ọ̀tún. Bí o bá fún ti òsì, ó yà sí òsì. Ọmọdé lè mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìwé ní bí a bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè, òdìkejì ni. Àwọn tí ó tà á ti fún Bàbá ní bébà kan tí ẹnìkan tú sí Yorùbá fún wọn, ohun tí ó kọ síbẹ̀ ni pé ìjánu náà "yóò máa ṣiṣẹ́ padà sẹ́yìn". Àwọn òṣìṣẹ́ sì gbà pé bí àwọn bá fún un lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ̀rọ yóò fà sẹ́yìn, yóò sì dúró. Ẹ ro ó wò: ẹni tí ẹ̀rọ ń sáré lọ mọ́ lọ́wọ́ ní ìsọ̀kalẹ̀, tí ó wá fún ohun tí ó rò pé yóò dá a dúró!

Ọjọ́ méjì gbáko ni gbólóhùn yìí gbà wá, nítorí a kò lè kọ ọ́ láìjẹ́ pé a mọ ìdí rẹ̀. Bàbá ni ó là á. Wọ́n ní ìjánu kékeré yẹn kò yí ẹ̀rọ sí ibì kankan. Ńṣe ni ó ń gba ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń ti ẹsẹ̀ méjèèjì, nítorí náà ẹsẹ̀ tí a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ a dẹ̀rọ̀, èkejì a sì yí i po. Ní ìsọ̀kalẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń fa ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn kí wọ́n má sáré, nítorí náà ẹsẹ̀ tí a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò sáré. Fún òsì, ẹsẹ̀ òsì á sáré, ẹ̀rọ á sì ya sí ọ̀tún, sínú ọ̀gbun bí ọ̀gbun bá wà níbẹ̀. Ohun tí a kọ nìyí: "Ní ìsọ̀kalẹ̀, ẹsẹ̀ tí o bá tú sílẹ̀ ni yóò sáré. Má fọwọ́ kan ìjánu ẹ̀gbẹ́. Fi jíà kékeré sí i láti orí òkè, má fi sí fíríì, kí o sì fi apá rẹ darí rẹ̀." Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó lọ sídìí ẹ̀rọ, ó gbé ìka rẹ̀ kúrò lára ìjánu méjèèjì. Òfin kan náà ni a ń lò lórí pákó nígbà tí a bá ń gbé e gun ọkọ̀ ńlá.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù tí a kò tíì fẹnu kò lé lórí. Ọ̀bẹ ni àwọn mẹkáníìkì ìgboro ń pe irin tí ń yí nísàlẹ̀ ẹ̀rọ náà. Àwọn ará oko ń pè é ní eyín. Mo bi Ẹ̀gbọ́n èwo ni kí n kọ, ó ní ọ̀bẹ ni a ń mú lọ́wọ́, kò sí ẹni tí ń mú eyín lọ́wọ́. Eyín ni mo kọ.